Gàfárù Adájọ́ Géèmù àti Ìyá Àgbà Orí Òkè Mápó

Tí ẹ bá gba Bẹẹrẹ kọjá tí ẹ ò kí Gàfárù, ẹ ti ṣẹ̀ ẹ́. Tí ẹ bá kí i lóòró, ẹ tún ṣẹ̀ ẹ́. Ìdọ̀bálẹ̀ gbalaja ló ń fẹ́, kí àyà kanlẹ̀, kí eruku ríṣẹ́ ṣe. Kò sì joyè o. Kì í ṣe mọ́gàjí, kì í ṣe ìmáàmù, kì í ṣe alága ẹgbẹ́ kankan. Géèmù ló ń dá lẹ́jọ́.

Mo ní géèmù, èyí tí wọ́n ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n. Ṣọ́ọ̀bù Jubril ní Bẹẹrẹ làwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ ti ń pàdé. Èmi rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ tí mò ń tún fóònù ṣe, nítorí náà ojú mi ló ṣe, wọn ò sọ fún mi. Bí géèmù tuntun bá dé, Gàfárù á ká ohùn sórí Wasáàpù, á ní òun ti ṣe é, òun ti parí ẹ̀, báyìí báyìí ló rí. Àwọn tó ń gbọ́ ọ níbẹ̀ pọ̀ ju èrò Ọjà'ba nígbà tí ọdún bá kù dẹ̀dẹ̀. Ohun tó bá sì sọ ni wọ́n ń gbà.

Òun fúnra ẹ̀ ló sọ ara ẹ̀ ní Ojú-Tó-Rí-Géèmù-Rí-Gbòǹgbò-Ẹ̀. Àwa tá a mọ̀ ọ́n ń pè é ní Ajẹtan-adìẹ-kó-tó-dájọ́, àmọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ la ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Tí oníṣọ́ọ̀bù bá gbé odidi adìẹ wá, géèmù ẹ̀ dùn ju oyin lọ. Tó bá jẹ́ búrẹ́dì àti mínírà ló gbé wá, géèmù yẹn "ń gbìyànjú". Tó bá wá lọ́wọ́ lásán, tiẹ̀ ti tán nìyẹn. Ní gbogbo ọdún mẹ́fà tí mo ti ń jókòó níbẹ̀, mi ò rí kí Gàfárù di páàdì géèmù mú rí, àfi ọjọ́ tó fi ọ̀kan tẹ bébà súyà mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bẹ̀rù láyé. Ìyá tó bí i ni, Alájà Sọ̀fíyàt tó ń ta tẹ̀súbáà ní Bẹ́yẹrúnkà. Obìnrin náà ò ga, kò sì sanra, ṣùgbọ́n tó bá pe èèyàn lórúkọ, ẹni tí kò pè gan-an á dáhùn.

Lọ́dún tó kọjá ni Karimat gbé géèmù tiẹ̀ dé. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ni, jẹ́jẹ́ ló máa ń sọ̀rọ̀. Odindi ọdún méjì ló fi ṣe géèmù náà fúnra ẹ̀. Maṣíìnì ìránṣọ tí ìyá ẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kó tó kú ló tà tó fi ra kọ̀ǹpútà, àwọn ẹbí ẹ̀ ò sì tíì dárí jì í. Tí géèmù yẹn bá yọrí, á lè gbójú sókè nílé. Tí kò bá yọrí, á máa gbọ́ ọ títí tó fi máa darúgbó.

Ọmọ Irin ló sọ géèmù náà. Ọdún tó ṣì jìnnà gan-an ni ìtàn ẹ̀ ń sọ, nígbà tí Ìbàdàn á ti di ìlú ẹ̀rọ. Róbọ́ọ̀tì gìrìwò kan ni, èèyàn jókòó sínú àyà ẹ̀, ó ń wà á bí ẹni ń wa tírélà. Ó ń fò lókè òrùlé páànù tó ti dógùn-ún, láti Mọ́lété lọ sí Pópó Yemọja, títí dé Òkè Mápó. Ojú tẹlifíṣọ̀n ń sún lọ fúnra ẹ̀, o ò lè padà sẹ́yìn, o ò lè ní kí wọ́n jẹ́ kó o sinmi. Àwọn ẹ̀rọ ọ̀tá ń rọ́ wá láti iwájú, ìwọ náà ń yìnbọn. Lórí Òkè Mápó ni ibi tó kẹ́yìn wà. Ìyá Àgbà Irin jókòó síwájú ilẹ̀kùn ńlá kan, kò yìnbọn, kò dìde, ó kàn ń wo èèyàn.

Àwọn tó ṣe é gbádùn ẹ̀, wọ́n sì ń ráhùn, bí àwọn onígéèmù ṣe máa ń ṣe. Hezekiah télọ̀ ní orin ẹ̀ dùn àmọ́ kò gùn tó. Ẹlòmíì ní ọta àwọn ọ̀tá ti kéré jù, ojú òun ò ká a. Nojeem tó ń lẹ táyà ní Mọ́lété, tọ́wọ́ ẹ̀ yá jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ní òun ò tíì rí géèmù tó wọ òun lára tó bẹ́ẹ̀, pé òrùlé ilé bàbá òun wà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn fẹnu kò síbì kan: Ìyá Àgbà yẹn ò ṣeé pa. Tó o bá yìnbọn fún un, á kọ́kọ́ bú ẹ. Tó o bá tún yìn ín, á dá ẹ padà sí Mọ́lété.

"Karimat, ó jọ pé nǹkan kan bà jẹ́ níbẹ̀," Nojeem sọ fún un.

"Kò bà jẹ́," ni Karimat fèsì. "Ẹ rora wò ó. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n."

Jubril ní kó lọ kí Gàfárù. Ó lọ, ó kúnlẹ̀, àmọ́ kò gbé nǹkan kan dání.

"Ìwọ lo ṣe é?" Gàfárù bi í. "Ìwọ nìkan?"

"Èmi ni, sà."

"Ó dáa. Ìdajì èrè ẹ̀ jẹ́ tèmi, nítorí ẹnu mi ló máa tà á. Adìẹ méjì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, nítorí ẹnu náà gbọ́dọ̀ jẹun. Kó o sì yọ ojú róbọ́ọ̀tì yẹn kúrò, kó o fi tèmi síbẹ̀."

"Ojú yín, sà?"

"Ojú mi. Táwọn ọ̀tá bá rí i, wọ́n á mọ̀ pé eré ti parí."

Karimat mi orí. "Bọ̀ọ̀dá Gàfárù, ẹ ṣeun o. Mi ò lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ṣe géèmù náà ná kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀."

"Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà," Gàfárù dá a lóhùn. "Géèmù tí mo ti parí, tó o bá tò wọ́n léra wọn, wọ́n á ga ju Òkè Mápó lọ."

Kí Karimat tó délé, ohùn Gàfárù ti wà lórí Wasáàpù.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ṣe Ọmọ Irin. Ìjókòó kan ni mo fi parí ẹ̀. Ìyá Àgbà tí wọ́n ní kò ṣeé pa, ọta irinwó ni mo yìn fún un. Ó ṣubú lulẹ̀ gbì, ó ń bẹ̀ mí. Géèmù jẹ́lé-ó-sinmi ni. Ẹni tí kò bá lè pa á, kó lọ wá nǹkan míì fi ọwọ́ ẹ̀ ṣe."

Ẹ wo ohun tí irọ́ ń ṣe. Ìtìjú mú gbogbo wọn. Ta ló fẹ́ kí wọ́n rí òun níbi tí géèmù jẹ́lé-ó-sinmi ti ń dá òun padà sí Mọ́lété? Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, orí tẹlifíṣọ̀n Ọmọ Irin di ibi tí Jubril ń sá táwẹ́lì sí. Ó wá pe Karimat, ó ní kó má bínú, tó bá di Sátidé òun á yọ ọ́ kúrò. Mo rí ojú ọmọ náà. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́.

"Ẹ má tíì yọ ọ́," Karimat sọ. "Ẹ ní kí Bọ̀ọ̀dá Gàfárù wá pa Ìyá Àgbà lójú gbogbo wa. Tí wọ́n bá pa á, èmi fúnra mi ni màá gbé géèmù mi lọ."

Jubril mọ bí wọ́n ṣe ń pe Gàfárù. Kò ránṣẹ́ sí i, ó ra tòlótòló yíyan, ó sì jẹ́ kó gbọ́.

Nígbà tí wọ́n kírun Aláásárì tán lọ́jọ́ Sátidé, èrò kún títí dé ẹ̀gbẹ́ títì. Gàfárù dé pẹ̀lú agbádá funfun àti awò dúdú lójú, nínú iyàrá tó ti ṣókùnkùn tẹ́lẹ̀. Àwọn kan dọ̀bálẹ̀. Ó fojú ka àwọn tí kò dọ̀bálẹ̀. Ó kọ́kọ́ jẹ tòlótòló, a sì ń wò ó. Ó jẹ itan, ó jẹ apá, ó pa egungun rún, ó wá nu ọwọ́.

"Nojeem, bá mi gbé e dé Òkè Mápó," ó pàṣẹ. "Èmi kì í bá àwọn kéékèèké jà. Onílé ni mo wá bá, kì í ṣe ajá ẹnu ọ̀nà."

Nojeem bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ. Òógùn bò ó. Ó la Mọ́lété kọjá, ó la Pópó Yemọja kọjá, ó gúnlẹ̀ síwájú Ìyá Àgbà Irin. Ó wá na páàdì sí Gàfárù.

"Ọ̀gá, ẹ dojú ẹ̀ dé."

"Bẹ́ẹ̀ làwa tá a mọ̀ ọ́n ṣe ń dì í mú," ni Gàfárù wí, àmọ́ ó yí i padà. Ó wá bọ́tìnnì títí, ó rí ọ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́. Ọta kan ṣoṣo jáde.

Ìyá Àgbà Irin gbórí sókè. Ohùn ẹ̀ sì gba inú sípíkà jáde:

"Ọmọ ta leléyìí? O wọlé tọ àgbà, ìbọn lo fi ń kí i? Ṣé bí mo ṣe kọ́ ẹ nílé nìyẹn?"

Ọwọ́ Gàfárù dúró. Awò ojú ẹ̀ yọ́ wá sí orí imú. Ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó tún wo tẹlifíṣọ̀n.

"Màámi?" ló ní.

Ká tó ṣẹ́jú, ó ti nà gbalaja sórí sìmẹ́ńtì, tòun ti agbádá. Àyà kanlẹ̀, eruku ríṣẹ́ ṣe. "Màámi, ẹ má bínú. Ẹ fojú fò ó. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀."

Níbo ni Alájà Sọ̀fíyàt wà? Ó wà ní Bẹ́yẹrúnkà, ó ń so tẹ̀súbáà ẹ̀. Ohùn ẹ̀ ni Karimat lọ gbà sínú fóònù lọ́jọ́ tó ń wá àgbà tí ìbáwí dùn lẹ́nu ẹ̀, gbogbo àdúgbò ló sì júwe ilé kan náà fún un.

Ibi tí a ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín ni Hezekiah ti nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n. Páàdì ṣì wà lábẹ́ Gàfárù. Ikùn ẹ̀, tòun ti tòlótòló, ló tẹ bọ́tìnnì tó ń mú róbọ́ọ̀tì lọ sísàlẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì jẹ́ kó dìde. Lójú tẹlifíṣọ̀n, róbọ́ọ̀tì gìrìwò yẹn rọra ká orúnkún, ó fi àyà lélẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àgbà.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ohùn náà wí. "Dìde, ọmọ mi. O káre." Ilẹ̀kùn ńlá sì ṣí.

Àwa ọmọ Ìbàdàn, tí wọ́n bí sí agbo ilé, tí ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ ti mọ́ lára, oṣù mẹ́ta la fi ń yìnbọn fún ìyá arúgbó tó jókòó jẹ́jẹ́. Kò sẹ́ni tó rò ó pé kóun kí i. Ojú tì mí, bí mi ò tiẹ̀ ṣe géèmù.

Nojeem ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá Gàfárù, ẹ ní ẹ ti pa ìyá yìí pẹ̀lú ọta irinwó. Ẹ ò wá mọ ohùn ìyá yín lọ́jọ́ yẹn?"

"Mo pa sípíkà lọ́jọ́ yẹn ni," Gàfárù sọ láti ilẹ̀.

"Ẹ ní ó ń bẹ̀ yín. Ẹ pa sípíkà, ẹ wá gbọ́ ẹ̀bẹ̀?"

Ẹ̀rín bú. Àwọn tó ti dọ̀bálẹ̀ fún un ló rín jù. Jubril ń fi táwẹ́lì nu omijé.

Géèmù wá béèrè orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ parí ẹ̀. Karimat bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ikùn sókè díẹ̀." Ó fa páàdì yọ, ó ronú díẹ̀, ó sì kọ orúkọ náà. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní, ẹ lọ wò ó. Nojeem ló ṣe ipò kejì. *Ikùn Gàfárù* ló ṣe ipò kìíní.

Táwẹ́lì ti kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n yẹn, ìlà àwọn tó fẹ́ ṣe é ló kù. Àwọn ẹbí Karimat ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ọmọ wa.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Gàfárù yọ́ wá bá mi, ó ní kí n bá òun wo fóònù òun, pé kò yẹ kó máa dún tó báyẹn. Wọ́n ti gbé fídíò ọjọ́ Sátidé dé Bẹ́yẹrúnkà, wọ́n sì ti gbé ohùn ọta irinwó náà tẹ̀ lé e. Mo tú fóònù, mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo dè é padà.

"Fóònù yín ò ṣe nǹkan kan," mo sọ fún un. "Màámi yín ló ń pè."