Àṣẹ Kábíyèsí Lórí Èéfín Ọkọ̀ Rẹ̀, àti Bí Gbogbo Ìlú Yóò Ṣe Fẹ̀yìn Lélẹ̀

Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin ará Òkè-Ìrorò, ẹ gbọ́ o! Kí ẹni tí ń gúnyán dá ọmọ odó dúró. Kí ẹni tí ń jà jọ̀wọ́ aṣọ ẹnìkejì rẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ Kábíyèsí ni akéde gbé dé, ọ̀rọ̀ èéfín sì ni.

Ẹ ti rí i. Ó ti wọ̀ yín nímú. Láti ọjọ́ Àìkú ni ọkọ̀ Ọba ti ń rú bí ààrò alákàrà tí a ki igi tútù bọ̀. Èéfín náà kò sì gba ìdí ọkọ̀ jáde. Inú ọkọ̀ gan-an, níbi tí Kábíyèsí jókòó sí, ni ó ń yà sí. Lánàá, àwọn ìyá ẹlẹ́ja kúnlẹ̀ kí Olóyè Ọ̀dọ̀fin, wọ́n ṣe bí Ọba ni, nítorí pé èéfín ti pa àwọ̀ àwọn méjèèjì dà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Agolo kan wà lábẹ́ ọkọ̀ tí ń sẹ́ èéfín bí a ti ń sẹ́ ògì. Àwọn mẹkáníìkì ń pè é ní kátálísì. Agolo náà dí, ọkọ̀ kò sì lè gun òkè mọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pe Tíámíyù, mẹkáníìkì Ìsàlẹ̀ Ọdán, ẹni tí ó ti sùn lábẹ́ ọkọ̀ ju bí ó ti sùn lórí ẹní lọ. Tíámíyù ní òun yóò fi tuntun pààrọ̀ rẹ̀. Ó tẹ́ àpò sílẹ̀, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó fẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀. Ni Ọ̀dọ̀fin bá kígbe mọ́ ọn. Ìwọ ta ni, tí o ń yọ àyà sí ohun Ọba? Ìdọ̀bálẹ̀ ni à ń dọ̀bálẹ̀ fún Ọba, a kì í yí ikùn sókè fún un bí ọ̀pọ̀lọ́ tí ó kú. Ìdí ohun tí Ọba ń gùn, ìdí Ọba ni. Ojú ènìyàn kò gbọdọ̀ rí i.

Kí ni Tíámíyù ìbá ṣe? Ó dọ̀bálẹ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó fi imú gbo ilẹ̀, ó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ń táràrà. Inú rẹ̀ sọ fún un pé a kì í ṣe iṣẹ́ báyìí. Ó fẹ́ wí, ó rántí ìyàwó méjì àti ọmọ mẹ́sàn-án, ó tún ń táràrà lọ. Nígbà tí kò lè de agolo tuntun mọ́ ibi tí kò rí, ó gé ògbólógbòó kúrò, ó fi páìpù omi so ọ̀nà èéfín pọ̀. Ó fọwọ́ kàn án, ó dá a lójú pé ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ẹnu páìpù kọ sí. Abẹ́ àga Ọba ni ó kọ sí.

Nísinsìnyí Ọ̀dọ̀fin ti búra. Bí èéfín yìí bá tẹ̀ lé Kábíyèsí lọ sí ìpàdé àwọn ọba ní Ọjọ́bọ̀, Tíámíyù yóò kó irin rẹ̀ kúrò ní Ìsàlẹ̀ Ọdán, a ó sì máa so ewúrẹ́ àwọn ìjòyè síbẹ̀. Ní òwúrọ̀ yìí ni wọ́n mú un dé iwájú Ọba. Orí ìdọ̀bálẹ̀ ni ó wà, inú erùpẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti ń jáde: "Kábíyèsí, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n rí ohun tí mo ń tún ṣe." Ọba wúkọ́ títí. Nígbà tí ikọ́ fún un láyè, ó ní ohun tí ẹnì kan bá dá ṣe ni èèwọ̀. Bí gbogbo ìlú bá ṣe é, àṣà ni.

Nítorí náà, Kábíyèsí pàṣẹ!

Èkíní. Lọ́la, bí oòrùn bá ti yọ, gbogbo ìlú yóò fẹ̀yìn lélẹ̀, kí ẹ̀bi má baà jẹ́ ti Tíámíyù nìkan. Gbogbo ìlú ni akéde wí. Gbogbo ìlú!

Èkejì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dìde títí èéfín yóò fi gba ìdí ọkọ̀ jáde. Ẹni tí ó bá dìde, ìbáà ṣe ọbẹ̀ ni ó fẹ́ lọ rò, inú ọkọ̀ náà ni yóò jókòó sí títí yóò fi ki oríkì ìdílé rẹ̀ tán.

Ẹ̀kẹta. Ewúrẹ́ kò bọ́ nínú òfin. Kí ẹni tí ó ni ín yí i dojú sókè, kí ó sì máa bẹ̀ ẹ́. Adìẹ nìkan ni Kábíyèsí ṣàánú.

Ẹ̀kẹrin. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ẹlòmíràn lórí ìdùbúlẹ̀, kí ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Fún àgbà, ẹsẹ̀ méjèèjì.

Ẹ̀karùn-ún. Ọ̀dọ̀fin ni yóò kọ́kọ́ fẹ̀yìn lélẹ̀, ní gbangba àgbàlá. Ó ní ẹ̀gbẹ́ ń dun òun. Ọba ní kí wọ́n rọra gbé e sílẹ̀.

Ẹ̀kẹfà. Bí gbogbo ìlú bá dùbúlẹ̀, ta ni yóò tan iná tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ ọkọ̀? Ta ni yóò na sípánà sí Tíámíyù? Ìgbìmọ̀ wò ó lọ, wọ́n wò ó bọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í dọ̀bálẹ̀ fún Ọba. Kábíyèsí yóò bọ́ adé, yóò wọ abẹ́ ọkọ̀, yóò di iná mú. Tíámíyù béèrè irú ohùn tí òun yóò fi béèrè sípánà. Ọba ní irú èyí tí ó fi ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀. Tíámíyù ní ìyẹn kò ṣeé gbọ́ sétí. Ọba ní ìyẹn náà ni òun ń fẹ́, kí Ọjọ́bọ̀ má baà bá wọn lábẹ́ ọkọ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ èébú lábẹ́ ọkọ̀ lọ́la, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dìde. Kábíyèsí ń kọ́ṣẹ́ ni.

Akéde ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó bá ní òun kò gbọ́, kí ó bi ẹni tí ó bá dùbúlẹ̀ tì í lọ́la.