Àlejò Tó Ti Pálọ̀ Wá

Nígbà tí àrùn kòrónà ti gbogbo pápákọ̀ òfurufú pa, àlejò mẹ́sàn-án tó ti gba yàrá ẹ̀yìnkùlé Ìyá Ìbejì sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló fagi lé e láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìkànnì tó ń bá a wá àlejò wá kọ̀wé sí i pé bí kò bá sí ẹni tó sùn níbẹ̀, tó sì fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún, kí aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tó lù, àwọn yóò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, àlejò kẹwàá kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú báàgì kan lọ́wọ́. Pálọ̀ ló ti wá, ibẹ̀ náà ló sì ti fi fóònù rẹ̀ gba yàrá náà. Ọkọ rẹ̀ ni, tíṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì.

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá," ni Ìyá Ìbejì wí. "Ẹ kú ìrìn."

"Ẹ ṣé, mà. Ọ̀nà dá. Ológbò kan péré ni mo pàdé."

"Ó dáa, ó tó, Bàbá Ìbejì. Ẹ mú fóònù yín jáde, ẹ tẹ ìràwọ̀ márùn-ún fún mi, kí ẹ padà sórí àga yín."

"Ta ló ń jẹ́ Bàbá Ìbejì?"

"Ẹ̀yin ni."

"Àlejò ni mí, mà. Mi ò tíì sùn, ẹ ní kí n kọ ọ́ pé mo sùn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi máàkì ìwé ìdánwò. Kò sí ọ̀kan tí mo máàkì láìkà á."

"Ẹ wá ń pè mí ní mà?"

"Mi ò mọ̀ yín tẹ́lẹ̀."

"Ọmọ mẹ́rin ni mo bí fún yín!"

"Ẹ kú ewu ọmọ."

Ìyá Ìbejì fa ìbòmú rẹ̀ sókè, ó ṣí ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀dì kan ló wà nínú yàrá náà, tábìlì kan, kẹ́tùlù kan, àti táwẹ̀lì funfun méjì tí wọ́n ká bí ẹni ká lẹ́tà. Àlejò fi ìka nu orí fèrèsé, ó wo ìka náà, ó sì mú ìwé kékeré kan àti bíírò pupa jáde.

"Kí lẹ ń kọ?"

"Eruku."

"Mo nu ibẹ̀ láàárọ̀ yìí!"

"Ó hàn pé ẹ gbìyànjú. Díẹ̀ ni mo yọ."

"Kì í ṣe ìdánwò, ọ̀gá. Ìràwọ̀ ni. Gbogbo àlejò ló ń tẹ márùn-ún, wọ́n á sì bá tiwọn lọ."

"Márùn-ún nínú márùn-ún, ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Mi ò fún ẹ̀dá kankan ní ọgọ́rùn-ún rí."

"Mo mọ̀. Ọmọ bíbí inú yín gan-an, méjìdínlógójì lẹ fún un."

"Ohun tó gbà nìyẹn."

"Ọ̀sẹ̀ kan ló fi sunkún."

"Ó tún un ṣe. Ó gba ogójì."

"Ẹ ní ẹ ò mọ̀ mí rí, ẹ sì mọ máàkì ọmọ mi."

"Máàkì kì í ṣe àṣírí, mà. Ara ògiri ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́."

Ìyá Ìbejì jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ gbọ́ mi. Àlejò mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló ti sùn níbí, kò sí ẹni tó fún mi ní mẹ́rin rí. Láti ọjọ́ tí mo ti dé àdúgbò yìí, ìyàwó Tíṣà ni gbogbo ayé ń pè mí. Lórí ìkànnì yẹn nìkan ni mo ti ní orúkọ tèmi. Onílé Àtàtà, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò mi. Bí wọ́n bá yọ ọ́, kí ni kí n tún máa jẹ́?"

Àlejò ń gbọ́. Ó ń kọ̀wé.

"Kí lẹ tún kọ?"

"Onílé jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì àlejò."

Ìyá Ìbejì fò dìde, ó sì fi ọwọ́ tẹ́ ibi tó jókòó sí kó jọ̀lọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ó gbé tíì, búrẹ́dì àti ẹyin wọlé lórí àwo pẹrẹsẹ kan. Àlejò ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti fi ìrọ̀rí méjì gbé ara rẹ̀ sókè.

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

"Ẹ tún un sọ."

"Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

"Mo sùn dáadáa. Nílé wa, ohun tí wọ́n máa ń bi mí ni pé ìgbà wo ni mo fẹ́ jí."

"Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ ìyàwó yín."

"Ó lè jẹ́."

"Ó lè jẹ́ pé aago márùn-ún lòun ń jí, tí ẹ̀yin á sì máa hanrun di aago mẹ́jọ."

"Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

"A jọ máa ń lọ sọ́jà. Ṣé ṣúgà yẹn tó?"

Àlejò ro ìbéèrè náà bí ẹni pé wọn kò bi í rí.

"Ẹ fi ẹyọ kan kún un. Ẹ̀yin ńkọ́, mà? Ṣé ọkọ yín wà láyé?"

"Ó wà ní pálọ̀. Ibẹ̀ ló ń gbé. Sábẹ́ itan ló máa ń fi rímóòtù sí. Bí ó bá ń sùn, tí ẹ yí ìròyìn kúrò, á jí."

"Ṣé èèyàn gidi ni?"

"Kò purọ́ fún mi rí. Mo ti gbàdúrà pé kó purọ́ lẹ́ẹ̀kan péré."

"Irú àdúrà wo nìyẹn?"

"Mo ra aṣọ tuntun, mo wọ̀ ọ́, mo yí po níwájú rẹ̀, mo ní, 'Báwo ni mo ṣe rí?'"

"Kí ló sọ?"

"Ó ní mẹ́fà nínú mẹ́wàá."

Àlejò bu tíì mu. Ó bu búrẹ́dì jẹ. Ó tún bu tíì mu.

"Ó yege," ló wí.

Ọ̀sán Àbámẹ́ta. Àlejò dúró síta lójú fèrèsé pálọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ ojú, ó gbé ojú sára gíláàsì, ó ń wo tẹlifíṣàn ara rẹ̀. Ìyá Ìbejì yọ láti inú ilé.

"Ọ̀gá, pálọ̀ kò sí lára ohun tí ẹ gbà."

"Mi ò wọlé. Ìròyìn ni mò ń wò."

"Ilé onílé lẹ ń yọjú wò. Ó wà nínú òfin tí mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yín."

"Mo ka òfin náà. Àṣìṣe mẹ́ta ló wà níbẹ̀, mo ti fi bíírò tún un ṣe."

"Ẹ fi mítà méjì sílẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti fèrèsé mi."

"Wọ́n ní àlejò bí òkété là ń fi èkùrọ́ lọ̀. Èmi, ògiri lẹ fi lọ̀ mí. Ẹ ṣọ́ra o, mo lè fagi lé e."

"Ẹ fagi lé e. Ẹ ó kàn padà sí pálọ̀ ni."

Àlejò wo pálọ̀ láti ojú fèrèsé: àga rẹ̀ tó ti jìn láàárín, àwo tó fi jẹun ní Ọjọ́bọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kó. Ó yọ ojú kúrò.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣì rò ó wò."

Fóònù Ìyá Ìbejì dún. Ó kà á, ó sì fi í sápò.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ti oṣù tó ń bọ̀ náà ti fagi lé e."

"Ó wá ku ta ni?"

"Ó ku ẹ̀yin."

Àlejò sún sẹ́yìn, ó fi mítà méjì sílẹ̀. Ó fi ìṣísẹ̀ wọ̀n ọ́n.

Ọjọ́ Àìkú, aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àlejò ti di báàgì rẹ̀. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó ń ro máàkì pọ̀. Ìyá Ìbejì dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Mo ti ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì," ni àlejò wí. "Mẹ́rin àti ìdajì."

"Kò sí ìdajì níbẹ̀."

"A jẹ́ pé mẹ́rin ni."

Ìyá Ìbejì mí kanlẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó na ọwọ́.

"Ó dáa. Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́, kí ẹ máa lọ sílé."

"Ilé tí mò ń lọ yẹn, ta ni yóò bi mí lárọ̀ ọ̀la bóyá mo sùn dáadáa?"

"Kò sẹ́ni."

"Tíì orí bẹ́ẹ̀dì ńkọ́?"

"Ti àlejò nìyẹn."

"Àti ṣúgà?"

"Inú agolo ló wà. Ẹ̀yin náà ní ọwọ́."

Àlejò gbé báàgì, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó wo òdìkejì àgbàlá, níbi tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ti là sílẹ̀ tó ń dúró dè é. Ó dá báàgì náà padà sílẹ̀.

"Ká ní ẹnì kan fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ kan kún tirẹ̀ ńkọ́?"

"Tí aago méjìlá bá ti lù, wọ́n ti yọ mí. Ta ni yóò tún máa gba yàrá lọ́wọ́ ìyàwó Tíṣà? Màá kó ìkòkò àti garawa mi síbẹ̀."

"Aago mélòó ló lù báyìí?"

"Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin."

Àlejò fi awò sójú. Ó ṣí ìwé kékeré náà, ó wo àròpọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń wo òkú ọ̀rẹ́. Ó pa ìwé dé, ó mú fóònù, ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀márùn-ún.

Fóònù Ìyá Ìbejì dún.

"Márùn-ún," ló wí, jẹ́jẹ́. Ó ka ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ síta: "'Wọ́n bi mí bóyá mo sùn dáadáa. Mo sùn dáadáa.'" Ó yọ ìbòmú. "Bàbá Ìbejì, ẹ ṣé o. Ẹ ṣé gan-an."

"Àlejò ni mí, mà."

"Ó dáa, àlejò. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi ọ̀sẹ̀ kan kún un, ẹ má gbàgbé pé ẹ ní ìyàwó nílé."

Àlejò bọ́ bàtà rẹ̀, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Mi ò gbàgbé. Ohun tó jẹ́ kí n fún yín ní márùn-ún nìyẹn."