Ooru Inú Ọkọ̀ Àna Mi

Ọjọ́ tí mo jókòó sínú ọkọ̀ àna mi bí ẹja tí wọ́n ń yan, ọjọ́ náà kò ṣeé gbàgbé fún mi láéláé. Mi ò mọ ìwé, mi ò sì lè dárúkọ ọdún náà, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé ìgbà tí ìjọba ní ká bọ́ ìbòmú kúrò ní imú ni. Ẹ̀ẹ̀rùn náà le. Ní Nyanya tí à ń gbé, tí èèyàn bá sá aṣọ, kó tó padà wọlé, aṣọ ti gbẹ. Ìbùkún, ọmọ-ọmọ mi, ló ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ gan-an ni àna tí mò ń sọ, nítorí náà tí ẹ bá rí ibi tó ti gbè sẹ́yìn bàbá rẹ̀, ẹ má gbà á gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń bọ̀ láti Kàbà, níbi tó ti lọ́kọ. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó wá wò mí ní Abuja títí ẹnu mi fi bó. Ó máa ń ní ìlú tí èèyàn kì í ti í kí èèyàn ni. Nígbà tó wá gbà, ó fi fóònù awakọ̀ pè mí láti ojú ọ̀nà.

"Gbọ́ o. Mi ò mọ ẹnì kankan ní gáréèjì Jabi. Mi ò gbọ́ Haúsá, mi ò gbọ́ òyìnbó. Tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ tí mi ò rí ọ, ọkọ̀ tó gbé mi wá náà ni yóò gbé mi padà. Ó di ọ̀run nìyẹn ká tó tún fojú kanra."

Mo mọ ẹ̀gbọ́n mi. Tó bá sọ báyìí, kì í fi ṣeré.

Àna mi ní òun yóò gbé mi lọ. Ọmọ dáadáa ni, òṣìṣẹ́ ìjọba, tí kì í dá mi lóhùn láìdọ̀bálẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ni kò níwà. Ọkọ̀ náà ti gbó, ó ń wúkọ́ bí arúgbó, ìlẹ̀kùn rẹ̀ kan sì wà tí wọ́n fi okùn dè. Láàárọ̀, bó ṣe ń wẹ̀ lọ́wọ́, mo ní kí n bá a tún búùtù ṣe, kí ẹrù ẹ̀gbọ́n mi lè ríbi wọ̀. Mo rí kẹ́ẹ̀gì kan níbẹ̀, omi inú rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Mo ní háà, omi wo ló pẹ́ tó báyìí, àfi bí omi adágún? Mo dà á sí gọ́tà, mo fi ọṣẹ fọ kẹ́ẹ̀gì, mo dojú rẹ̀ dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kó gbẹ. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń ṣoore kì í pariwo.

A gbéra. Mo gbé òrí sórí itan nínú náílọ̀n, èyí tí mo fẹ́ fi pa ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, nítorí ìrìn àjò máa ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ àgbà wú. A ò tíì kọjá Karu tán tí ọkọ̀ fi há mọ́ra wọn. Oòrùn dúró lórí wa. Àna mi wo nǹkan kan níwájú rẹ̀, ara rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Ó yí gbogbo gíláàsì sílẹ̀, ó fọwọ́ kan nǹkan kan, mo wá gbọ́ tí atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́.

Mo ní, "Ọlọ́run ṣeun, ẹ́ẹ̀sì ti ń ṣiṣẹ́."

Ó ní, "Hẹ̀n-ẹ́n, mà."

Kí n tó mí kanlẹ̀, ooru ti gbá mi lẹ́sẹ̀ bí ẹni pé mo ki ẹsẹ̀ bọ ààrò.

"Bàbá Ìbùkún, atẹ́gùn yìí gbóná o."

"Ẹ má bínú, mà."

Mo nawọ́, mo yí nǹkan náà padà, ooru dáwọ́ dúró. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ọ̀nà. Kò pẹ́ tí mo yíjú sí ìta, ooru tún dé. Mo tún pa á. Ó tún tàn án. Níkẹyìn mo tú gèlè mi, mo fi dí ojú ihò náà pátápátá. Mo ń rò ó nínú ara mi: kí ni mo ṣe fún ọmọ yìí? Àbí ọbẹ̀ tí mo sè lánàá ni kò bá a lára mu? Òun náà ń làágùn, síbẹ̀ ooru náà ló tún ń wá kiri. Ẹni tó ń jóná tó tún ń dáná sí i, kí lẹ fẹ́ pè é? Kí n tó rò ó débì kan, òrí orí itan mi ti di omi, ó ti gba inú náílọ̀n jáde, ó ń ṣàn gba ìró mi lọ sínú bàtà.

Nígbà tí a dé Kugbo, níbi tí wọ́n ti ń ta àga àti bẹ́ẹ̀dì lẹ́bàá ọ̀nà, iwájú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín bí ìkòkò ẹ̀wà. Àna mi yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo kígbe "Iná!", mo bẹ́ sílẹ̀. Àga onítìmùtìmù ńlá kan ni mo kọ́kọ́ rí, náílọ̀n ṣì wà lára rẹ̀. Mo jókòó. Náílọ̀n ń yọ̀, òrí ara mi ń yọ̀, bí mo ṣe yọ̀ bọ̀rọ́ dé ilẹ̀ nìyẹn. Àwọn káfíńtà ní, "Kai! Ìyá o!" Ẹni tó fẹ́ gbé mi dìde, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀ lára mi, mo tún padà sórí iyanrìn.

Àna mi ti ṣí búùtù, ó ń tú gbogbo rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé ẹ rí kẹ́ẹ̀gì kan níbí?"

"Mo rí i. Omi inú rẹ̀ ti bàjẹ́, mo ti bá ọ dà á nù. Kẹ́ẹ̀gì náà wà nílé, ó mọ́ tónítóní."

Ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ ṣé, mà." Ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.

Àwọn káfíńtà fún un lómi nínú korobá. Mo ní, "Ó yá, ṣí ẹnu ibi tí omi ń gbà wọlé, dà á sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ń dúró."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ó mú àkísà dání, ó yí ọkọ̀ po, kò ṣí nǹkan kan.

"Ṣé o ò rí ẹnu rẹ̀ ni?"

"Mo rí i, mà."

"Ṣí i nígbà náà!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ó tún yí ọkọ̀ po.

Orí mi dàrú. Ẹnu ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹsẹ̀ ń sọ pé rárá. Mo wá rí i tó lọ bá àgbà káfíńtà kan, ó ń sọ̀rọ̀ sí i létí, ó ń fojú júwe mi. Bàbá náà ṣí fìlà, ó wá lóṣòó síwájú mi.

"Ẹ kú ìnira, ìyá. Ọmọ yín ló rán mi sí yín. Ó ní ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnu òun kò gbà, pé kí n bá òun bẹ̀ yín."

Ọ̀rọ̀ wo ni ẹnu àna kò gbà tó fi ń wá àgbà?

"Bàbá, ẹ má fi pamọ́ fún mi. Ṣé ó fẹ́ lé ọmọ mi ni?"

"Rárá o. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ooru ni."

"Ooru wo? Ṣé ó ti lóbìnrin síta ni?"

Àna mi, tó ti lọ fara pamọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń tà, ló kígbe, "Mà! Rárá, mà!"

"Ìyá, ẹ gbọ́ mi dé ìdí," bàbá náà ní. "Ẹ́ńjìnnì yìí ti dàgbà. Tí oòrùn bá mú, ooru inú rẹ̀ kì í ríbi gbà jáde. Ooru yẹn ni ọmọ yín ń fà wá síbi ẹsẹ̀ yín, kí ẹ́ńjìnnì lè rí èémí. Tí ẹ bá ti pa á, inú ẹ́ńjìnnì ló ń padà sí. Tó bá sì ṣí rédíétọ̀ báyìí tó ṣì ń hó, ojú rẹ̀ ni omi gbígbóná yóò bó. Kò lè wí fún ìyá ìyàwó rẹ̀ pé rárá, ló ṣe ń yí ọkọ̀ po."

"Ẹ dúró ná. Kí ọkọ̀ má baà gbóná, èmi ni kí n gbóná?"

"Bó ṣe rí nìyẹn, ìyá."

"Omi aláwọ̀ ewé yẹn ńkọ́?"

Láti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù: "Omi rédíétọ̀ ni, mà. Òun ló ń jẹ́ kó tutù."

A jókòó, à ń wo ọkọ̀ bí ẹni ń wo aláìsàn, títí ó fi tutù tó ṣeé ṣí. Àna mi da omi sí i, a wọlé. Èmi fúnra mi ni mo fa gèlè mi yọ nínú ihò, èmi náà ni mo tan ooru náà. Mo ká ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga, mo dijú. Títí a fi kọjá ẹ̀gbẹ́ Wuse, gbogbo ẹni tó bá yíjú sí wa ló ń wò wá tìyanu-tìyanu.

Ní Jabi, ẹ̀gbọ́n mi ti wà nínú ọkọ̀ Kàbà. Ó jókòó létí fèrèsé, ó gbé báàgì sórí itan, wọ́n sì ń pe èrò kan ṣoṣo tó kù. Mo sáré lọ láìwé gèlè, òrí ń dán láti àyà dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, iyanrìn Kugbo lẹ̀ mọ́ ìdí mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀!"

Ó sọ fún ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ bá mi lé wèrè yìí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni!"

Ó wò mí, ó tún mi wò. "Ta ló dín ọ?"

Mo fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Kí ọkọ̀ má baà gbóná ni o." Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. Ó gbìyànjú láti fajú ro, ẹ̀rín ò jẹ́. Ó na báàgì sí mi látojú fèrèsé, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń nu omijé.

Nígbà tí àwọn ọmọ mi pé jọ wá kí i, mo pè wọ́n jókòó, àna mi náà wà níbẹ̀. Mo ní, "Mo mọ̀ pé ẹ bọ̀wọ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ tí kò lè la ẹnu, díẹ̀ ló kù kó dá ẹ̀gbọ́n mi padà sí Kàbà. Tí mo bá ń ṣe ohun tí kò yé mi, ẹ wí fún mi pé rárá. Ẹ kàn fi 'ẹ jọ̀ọ́' ṣáájú rẹ̀." Gbogbo wọn mi orí. Èmi fúnra mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ ara mi: ẹni tó bá kọ́kọ́ wí fún mi pé rárá nínú wọn, ó ṣeé ṣe kí n lé e jáde.