Ọjọ́ Tí Mo Pọn Ìyá Mi Wọ Ọkọ̀ Ojú Omi

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí n ó fi kú. Ọjọ́ náà ni mo pọn ìyá mi sẹ́yìn bí ọmọ ọwọ́, lójú gbogbo ayé, tí mo tún padà lọ pọn ọ̀rẹ́ wọn. Bí mo bá ṣèèṣì rántí rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé orin ni mo máa ń fi bo ẹnu.

Ìlú Ìwó ni mò ń gbé, iṣẹ́ tìmùtìmù àga sì ni mò ń ṣe. Bí ẹ bá ti jókòó sórí àga kan nílùú wa tí kò gún yín nídìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni mo rán an. Màmá mi ní tiwọn ta aṣọ lọ́jà títí orúnkún fi kọ̀ fún wọn, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, dókítà yẹ ojú wọn wò, ó ní ojú méjèèjì ti ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀, pé oògùn kàn lè fà á sẹ́yìn ni, kò lè dá a dúró. Màmá mi gbọ́, wọn ò sunkún. Ìgbà tí a délé ni wọ́n ní, “Mo fẹ́ rí omi ńlá kí ojú yìí tó ṣú. Èyí tí èèyàn máa wò tí kò ní rí òdìkejì. Àwọn tó ń lọ Èkó ra aṣọ máa ń ròyìn rẹ̀ fún wa. Ìbàdàn ni èmi ti ń ra tèmi, mi ò kọjá ibẹ̀ rí.”

Àlàájà, ọ̀rẹ́ wọn tí ìsọ̀ wọn jọ wà pa pọ̀ lọ́jà láti ìgbà èwe, jókòó síbẹ̀. Wọ́n ní, “Mo ti wọ bàlúù lọ sí Mẹ́kà, ṣùgbọ́n mi ò wọ ọkọ̀ ojú omi rí. Bí o bá ń lọ, mò ń bá ọ lọ.”

Bí iṣẹ́ ṣe já lé mi léjìká nìyẹn. Mo gbé fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwòrán ọkọ̀ lóríṣiríṣi. Ẹ má rò pé mo fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Èyí tí kò ní òrùlé, mo fò ó nítorí oòrùn. Èyí tó ní àtẹ̀gùn nínú, mo fò ó nítorí orúnkún. Èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń jó tí ọtí wà lọ́wọ́ wọn, mo yáa tètè fò ó nítorí Àlàájà. Nígbà tó yá, mo rí ọkọ̀ funfun kan ní Ẹ̀pẹ́, àga rẹ̀ ṣeé fẹ̀yìn tì, tìmùtìmù rẹ̀ nípọn. Mo fẹ àwòrán náà títí mo fi rí ojú òwú tí wọ́n fi rán an. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni. Ọkàn mi balẹ̀, mo pe ọlọ́kọ̀.

“Ṣé àwọn àgbà tó ń fi ọ̀pá rìn lè gbádùn ọkọ̀ yín?”

“Bàbá mi gan-an ń wọ̀ ọ́, sà. Tí wọ́n bá ti jókòó, wọn kì í fẹ́ dìde mọ́.”

“Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́?”

“Ó wà níbẹ̀, sà, ó sì mọ́.”

Ọkùnrin náà kò parọ́ fún mi nínú ohunkóhun. Gbogbo ohun tó wà nínú ọkọ̀ ni mo béèrè. Bí èèyàn ṣe ń dé inú rẹ̀ nìkan ni mi ò béèrè.

Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú nígbà tí a débẹ̀, omi ti fà sẹ́yìn kúrò ní èbúté. Afárá pákó tí wọ́n máa ń gbà wọkọ̀ dúró sórí ẹrẹ̀ lásán. Ọkọ̀ funfun mi, pẹ̀lú tìmùtìmù rẹ̀, wà lọ́ọ̀ọ́kán láàárín omi. Àwọn géńdé tó ká ṣòkòtò sókè ń pọn èrò lọ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú màmá mi, ó ní, “Màmá, ẹ gun ẹ̀yìn mi.”

Màmá mi wò ó láti òkè délẹ̀. “O ṣeun, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mi ò pọ̀n ọ́ rí. Ẹni tí mo bá pọ̀n ló lè pọ̀n mí.” Wọ́n wá yíjú sí mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Mo ní ikùn mi ti tóbi, mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí, mo ní ẹ jẹ́ ká padà wá nígbà òjò tí omi bá kún. Wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n fi ọwọ́ ṣíji bojú, wọ́n ń wo iwájú, bẹ́ẹ̀ òṣíbàtà àti koríko nìkan ló ṣeé rí láti orí ilẹ̀.

Wọ́n ní, “Ṣé ojú mi máa dúró de òjò?”

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí bí mo ṣe dìde, kì í ṣe ti ẹrẹ̀. Ìyá tó ń dá ru ìdì aṣọ láti ọjà délé fúyẹ́ lẹ́yìn mi bí ìrọ̀rí tí òwú rẹ̀ kò kún. Mi ò mọ ìgbà tí gbogbo ara yẹn lọ. Ibi tí mo ti ń rò ó ni omi ti kan ṣòkòtò funfun tí mo dìídì wọ̀ nítorí àwòrán. Ó wúwo, okùn rẹ̀ sì tú. Ọwọ́ mi méjèèjì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ màmá mi.

“Màámi, ẹ di ọrùn mi mú.”

“Kí ló dé?”

“Kò sí nǹkan, mà.”

Àlàájà pariwo láti etí omi lẹ́yìn wa pé, “Ọkọ mi, ṣòkòtò rẹ ń bọ́ o.”

“Mo mọ̀, mà.”

Ó dé orúnkún, ó dé kókósẹ̀. Àwọn tó ti wà nínú ọkọ̀ sì jẹ́ ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Bí wọ́n ṣe rí àgbà tó ń bọ̀, kò sẹ́ni tó lè jókòó. Gbogbo wọn rọ́ wá sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ káàbọ̀, mà.” Ọkọ̀ náà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, díẹ̀ ló kù kí etí rẹ̀ gbá mi níwájú orí. Ọlọ́kọ̀ ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa kí wa láti orí ìjókòó. Màmá mi ní tiwọn ń dá ẹnì kọ̀ọ̀kan lóhùn láti ẹ̀yìn mi: “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọmọ ibo ni ọ́? Ilé ńkọ́?” Èmi dúró sínú omi pẹ̀lú pátá mi, mò ń dúró kí wọ́n kí ara wọn tán.

Nígbà tí mo gbé wọn jókòó, mo fa ṣòkòtò sókè, mo padà sí èbúté. Àlàájà ti ń dúró dè mí. “Èmi náà pọ̀n ọ́ lọ́jà nígbà tí ìyá rẹ bá lọ sí Ìbàdàn. Àbí o fẹ́ kí ọkùnrin tí mi ò mọ̀ rí gbé mi?” Wọ́n tú ọ̀já ìdí wọn, wọ́n fi de ṣòkòtò mọ́ mi nídìí pinpin, wọ́n sì gùn mí. Àlàájà kò fúyẹ́ rárá.

Ọkọ̀ gbéra. A kọjá koríko, a kọjá òṣíbàtà, ilẹ̀ sì tán lójú wa. Omi nìkan ló kù, ó tẹ́ lọ títí ó fi bá ojú ọ̀run lọ, a ò rí ibi tí wọ́n ti pàdé. Èèyàn kan wà nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń ju àwọ̀n, ó kéré débi pé àánú rẹ̀ ṣe mí. Àlàájà ń yin Ọlọ́run lábẹ́ ahọ́n. Èmi tí mo máa ń kọ́kọ́ wo àga níbi gbogbo, mo gbàgbé pé àga wà níbẹ̀. Ó ṣe mí bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ayé, kí wọ́n tó da ilẹ̀ sí i.

Màmá mi kò fẹ̀yìn ti tìmùtìmù tí mo torí rẹ̀ yan ọkọ̀. Ìpẹ̀kun àga ni wọ́n jókòó sí, wọ́n na ọwọ́ síta, wọ́n bu omi díẹ̀, wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n wá béèrè pé,

“Ta ló ń bu omi sí i tí kò fi tán?”

Omijé ti bọ́ lójú mi, mo sì ń ṣe bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ni.

Mo tún pọn àwọn méjèèjì sọ̀kalẹ̀ o, ọ̀já Àlàájà kò sì já mi kulẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń wá ọkọ̀ ìgbafẹ́ fún àgbàlagbà, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ kí ẹ tó béèrè àga. Bí ó bá sì jẹ́ ìyá yín ni, ẹ de ṣòkòtò yín dáadáa kí ẹ tó kúrò nílé.

Ojú màmá mi ti ṣú báyìí, ìmọ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí. Ní ìrọ̀lẹ́, Àlàájà máa ń wá bá wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa ròyìn ìrìn àjò wa fún ẹni tó bá yà. Màmá mi á sọ ti omi, Àlàájà á sọ tèmi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá mi di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, “Ọkọ mi, omi yẹn kò kúrò lójú mi títí di òní. O ṣeun. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn mí.”

Mo sún mọ́ wọn. “Kí ni, màámi?”

“Ẹ̀yìn rẹ ni mo wà nígbà tí ṣòkòtò bọ́. Àlàájà nìkan ló rí i.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí Àlàájà fi di ògiri mú. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Èmi náà rẹ́rìn-ín, bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín ni mo ń fi ọwọ́ kejì wá okùn ṣòkòtò mi.