Bí Mo Ṣe Fi Ìkánjú Pa Ohùn Àlájà

Ohùn Àlájà Sàráátù kú nígbà tí àdúà ogójì ọjọ́ rẹ̀ ku ọ̀la, èmi ni mo sì pa á. Ọjọ́ yẹn ò lè kúrò lọ́kàn mi láé.

Ọdún tó kọjá ni, nílé rédíò wa ní Parakou. Àlájà ta aṣọ ní ọjà Arzèkè títí ó fi darúgbó. Mo ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rín rẹ̀, sínú káàdì kékeré kan ṣoṣo. Ọmọ rẹ̀, Ìyá Nàfí ti àdúgbò Ladjifarani, bẹ̀ mí pé kí n mú ohùn náà wá síbi àdúà.

Kọ̀ǹpútà wa ló ní àìsàn. Ọwọ́ méjì ni ètò inú rẹ̀ ní: ọ̀kan ń kó ohùn láti inú káàdì sórí dísìkì, èkejì ń nu káàdì. Nígbà mìíràn, ọwọ́ tó ń nù á ya ọwọ́ tó ń kó sílẹ̀, á nu ohùn dànù kí wọ́n tó kó o tán. Pọ́ọ̀lù, ará Ṣábẹ̀ tó ń tún ètò náà ṣe, ní kí ẹ̀rọ náà máa kọ gbogbo ìṣe rẹ̀ jáde kí òun lè rí ibi tí àìsàn wà: "Mo dé. Mo ń kó o. Mo fẹ́ nù ún." Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ohùn kankan ò sọnù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ń falẹ̀, èmi sì ń kánjú.

Mo sọ fún Pọ́ọ̀lù pé: "Yọ àròyé yẹn kúrò, ara rẹ̀ ti yá."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní sùúrù. Bóyá ìròyìn tó ń ṣe ló ń dá àìsàn náà dúró."

"Ṣé èmi tí mò ń ròyìn láti ọdún yìí wá, mò ń falẹ̀ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó yọ ọ́. Káàdì ta ni èmi ọlọ́gbọ́n kọ́kọ́ kì bọ̀ ọ́? Ti Àlájà! Ká tó ṣẹ́jú, káàdì ti mọ́ fónífóní. Orúkọ Àlájà wà lórí dísìkì, ohùn ò sí lábẹ́ rẹ̀.

Pọ́ọ̀lù gbá orí mú. "Ọ̀rọ̀ tó ń sọ yẹn ló ń jẹ́ kí ọwọ́ kìíní ráyè parí. Ẹ sì ní ká pa á lẹ́nu mọ́." Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló fi kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo sáàárín ọwọ́ méjèèjì: èyí tó ń kó ni yóò mú un dání, ìgbà tó bá parí ni yóò gbé e fún èkejì.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Nàfí ò ṣépè nígbà tí mo jẹ́wọ́. Ó kàn béèrè pé: "Bọ̀dá, ṣé ikọ́ rẹ̀ náà ò ṣẹ́kù?"

Kò ṣẹ́kù. Mo ti mọ̀ báyìí pé àìsàn tó dákẹ́ lójú ẹlẹ́rìí kò tíì san. Mo máa ń fi ara mi rẹ́rìn-ín nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún kì í dé ojú.

Ọ̀gá wa ti pàṣẹ: a ò ní nu káàdì kankan mọ́ àfi tí ènìyàn bá jókòó gbọ́ ohùn inú dísìkì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní èmi lẹni náà.