Ìwọ̀n Tíṣà Nínú Lífìtì

Tíṣà físíìsì ti fẹ̀yìntì o, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò tíì fẹ̀yìntì. Dókítà ní òun ò ní ṣiṣẹ́ abẹ fún orúnkún rẹ̀ àfi tí ìwọ̀n rẹ̀ ò bá ju àádọ́rùn-ún kílò lọ. Láàárọ̀ yìí, ní àjà kẹrin ilé ìwòsàn, mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún ló tún wọ̀n. Oṣù mẹ́ta gbáko ló ti ń sùn lórí àga ní pálọ̀, nítorí kò lè gun àtẹ̀gùn dé ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti sú u.

"Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi, gbé ìwọ̀n yẹn, kó o wá wọ̀n mí nínú lífìtì."

"Hà! Ṣé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ló ń jẹ ọ̀rá ni, sà?"

"Gbọ́ ná. Ẹni tó wà nínú yàrá tí kò ní fèrèsé kò lè mọ̀ bóyá ilẹ̀ ló ń fa òun, àbí yàrá ọ̀hún ló ń kó eré gòkè. Ohun tí ìwọ̀n bá sọ níbẹ̀, òótọ́ ni!"

"Kì í ṣe ilẹ̀ ló ń fà yín, sà. Oúnjẹ ni."

"Bí lífìtì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó eré sísàlẹ̀, màá fúyẹ́. Bí okùn rẹ̀ bá tiẹ̀ já, mi ò ní wúwo rárá!"

"Bí okùn bá já, ẹ ò ní nílò orúnkún mọ́."

Tíṣà ti wọlé. Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀, ó gbé ìwọ̀n tẹ̀lé e, ó sì tẹ bọ́tìnì. Bàbá gun orí ìwọ̀n, ó di irin ara ògiri mú.

"Ẹ fi irin sílẹ̀, sà. A ò wọn ògiri."

Lífìtì gbéra sísàlẹ̀.

"Mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún!" Tíṣà pariwo bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. "Kọ ọ́! Kíákíá!"

"Ẹ kú oríire. Ọjọ́ mélòó lẹ fi gbààwẹ̀?"

"Ìṣẹ́jú àáyá kan!"

Kó tó pa ẹnu dé, ìwọ̀n ti padà sí mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún.

"Yéè, ọ̀rá yín ti bá wa, sà. Àfi bíi pé àtẹ̀gùn ló gbà."

"Má dá a lóhùn. Eré lífìtì ló ti dọ́gba."

Lífìtì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Orúnkún Tíṣà dún kẹ̀kẹ̀.

"Méjìlélọ́gọ́rùn-ún! Ṣé ẹ tún yà jẹun lọ́nà ni?"

"Ìyẹn kọ́ ni ìwọ̀n mi! Lífìtì ló ń dúró!"

"Ṣebí ẹ ní ohun tí ìwọ̀n bá sọ níbí, òótọ́ ni?"

Tíṣà sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo fáàrí ìmọ̀ ojú rẹ̀ ti pòórá.

"Ọmọ mi, àga yẹn fẹ́ pa mí. Orí àtẹ̀gùn nìyàwó mi ti ń kí mi bí ẹni ń kí àlejò. Jọ̀ọ́, mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ti àkọ́kọ́ yẹn ni kó o kọ."

Nọ́ọ̀sì ṣí fáìlì rẹ̀, ó kọ̀wé sí i, ó sì pa á dé.

"Ó dáa. Ti àkọ́kọ́ ni mo kọ."

"Ọlọ́run á bù kún ọ! Ọjọ́ wo ni iṣẹ́ abẹ wá di?"

"Ọjọ́ kọ́ ni ìṣòro, sà, ibi tí wọ́n á ti ṣe é ni. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé inú lífìtì ni, nígbà tó bá ń gbéra sísàlẹ̀. Kí dókítà yáa pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀ dáadáa, torí ìṣẹ́jú àáyá kan péré ló ní."