Kókó Tá Ò Wá Lọ́rùn Mẹkáníìkì

Dókítà obìnrin kan, onísùúrù èèyàn, ń wo àwòrán ọrùn lójú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ni ọrùn jókòó níwájú rẹ̀: mẹkáníìkì ni, Tú-u-palẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí kò sí mọ́tò tó bọ́ sí i lọ́wọ́ tí kì í tú. Ó ṣubú níbi iṣẹ́, ọrùn ń dùn ún, ni wọ́n bá ya ọrùn náà ní àwòrán.

DÓKÍTÀ: Bàbá, ẹ kú oríire. Eegun ọrùn yín ò kán, kò sán.

TÚ-U-PALẸ̀: (Ó ti dìde, ó ń wá fìlà.) A dúpẹ́. Ó dàbọ̀ o.

DÓKÍTÀ: Ẹ jókòó ná. Níbi tá a ti ń wo eegun, a rí kókó kékeré kan níwájú ọrùn.

TÚ-U-PALẸ̀: Mo mọ̀! Mo mọ̀ pé "ẹ jókòó ná" ń bọ̀!

DÓKÍTÀ: Kí lẹ mọ̀?

TÚ-U-PALẸ̀: Dókítà, iṣẹ́ kan náà là ń ṣe. Ẹni tó bá gbé mọ́tò wá tìtorí bíréèkì, tí mo bá ti yọjú sábẹ́ ẹ̀, dandan ni kí n rí nǹkan mìíràn. Bí mo bá sì ti rí i, ẹ́ńjìnì á sọ̀kalẹ̀. Ẹ sọ òótọ́ fún mi, ṣé ọrùn mi máa sọ̀kalẹ̀?

DÓKÍTÀ: (Ó ń rẹ́rìn-ín.) Rárá o. Ẹran kan wà níwájú ọrùn gbogbo wa, ó na apá bíi labalábá. Òun ló ń sọ fún ara bó ṣe máa sáré tàbí kó rọra. Ibẹ̀ ni kókó yẹn wà.

TÚ-U-PALẸ̀: Bíi kàbúrétọ̀.

DÓKÍTÀ: Ẹ jẹ́ ká sọ bẹ́ẹ̀.

TÚ-U-PALẸ̀: (Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.) Ṣé jẹjẹrẹ ni? Ẹ má fi bò, dókítà. Àbíkẹ́yìn mi ò tíì jáde ilé ìwé. Ẹ̀rù ń bà mí.

DÓKÍTÀ: Ẹ jẹ́ ká wò ó. Ṣé ohùn yín ti yí padà?

TÚ-U-PALẸ̀: Láàárọ̀ yìí ni mo jágbe mọ́ oníbàárà kan, ó gbọ́ mi dáadáa.

DÓKÍTÀ: Oúnjẹ ń há yín lọ́fun?

TÚ-U-PALẸ̀: Ìyàwó mi ní kì í pẹ́ níbẹ̀ débi tó máa há.

DÓKÍTÀ: Ṣé ẹnikẹ́ni ní jẹjẹrẹ ọrùn rí nínú ẹbí yín?

TÚ-U-PALẸ̀: Ọrùn líle nìkan la ní nílé wa.

(Dókítà tẹ ọrùn náà wò, ó fi nǹkan tútù kùn ún, ó gbé ẹ̀rọ kan lé e.)

TÚ-U-PALẸ̀: Èyí kọ́ ni wọ́n fi wo oyún ìyàwó mi?

DÓKÍTÀ: Òun náà ni.

TÚ-U-PALẸ̀: Yéè! Ẹ bá mi wò ó bóyá ìbejì ni!

DÓKÍTÀ: Ẹyọ kan ni. Kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Omi ló kún inú ẹ̀, etí ẹ̀ sì dán. A ó gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ká mọ̀ bóyá ẹran náà ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, àmọ́ n ò rí ohun tó jọ jẹjẹrẹ níbí.

TÚ-U-PALẸ̀: (Ó mí kanlẹ̀.) Ọlọ́run ṣeun. Ó yá, ẹ mú ọ̀bẹ.

DÓKÍTÀ: Ọ̀bẹ kẹ̀?

TÚ-U-PALẸ̀: Ṣebí ẹ ti rí i? Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

DÓKÍTÀ: Kì í ṣe gbogbo ẹni tó gba oko kọjá lolè, bàbá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbé irú ẹ̀ sọ́rùn dàgbà tí wọn ò mọ̀. Tí mo bá sì ní kí n gé e, mo lè ba ohùn yín jẹ́. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́.

TÚ-U-PALẸ̀: Ẹ kúkú fi abẹ́rẹ́ gún un wò.

DÓKÍTÀ: Ká ní ó tóbi ni, tàbí ìrísí ẹ̀ ò dáa, ǹ bá fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Èyí ò tó bẹ́ẹ̀. A ó tún wò ó lọ́dún tó ń bọ̀. Tó bá wú, tàbí tí ohùn yín há, kẹ́ ẹ tètè wá.

TÚ-U-PALẸ̀: Ẹ rí i, ẹ wá fi í sílẹ̀?

DÓKÍTÀ: Mo rí i, mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo fi í sílẹ̀.

TÚ-U-PALẸ̀: Ọgbọ́n ńlá rèé! Kò sí ọ̀gá tó kọ́ mi pé èèyàn lè rí nǹkan kó má tú u. Láti òní lọ, wíwò ni. Mo ti yí padà!

DÓKÍTÀ: Inú mi dùn. Mọ́tò mi náà ń dún díẹ̀ lábẹ́. Ṣé kí n kàn máa wò ó?

TÚ-U-PALẸ̀: Ẹ máa wò ó! Ewo ni tiyín?

DÓKÍTÀ: (Ó nawọ́ síta fèrèsé.) Pupa tó wà létí ògiri yẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á lọ́wọ́ ẹnì kan ni.

(Tú-u-palẹ̀ yọjú wò ó. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.)

TÚ-U-PALẸ̀: Dókítà, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Ẹ má wà á débì kan. Òní ni mo máa tú u.

DÓKÍTÀ: Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ẹ ti yí padà!

TÚ-U-PALẸ̀: Ọrùn mi, Ọlọ́run ló ṣe é, a lè máa wò ó. Mọ́tò yẹn, èmi ni mo tún un ṣe kẹ́yìn.